Omi Inú Téèpù Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹjọ

Sáfà tuntun, kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì omi wa, dé lónìí. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ló gbé e wá láti Apia, Ọ̀gá Siaosi sì ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Sáfà àtijọ́ ti kú láti oṣù Kejì tí ìjì da òkun sínú ọ́fíìsì wa, àtìgbà náà la ò ti rí àwòrán omi abẹ́ ilẹ̀ erékùṣù wa Savai'i lò mọ́. Ohun tó kù fún wa ni téèpù méjì tí wọ́n pa á mọ́ sí, àti ẹ̀rọ àgbàlagbà méjì tó ń ka irú téèpù bẹ́ẹ̀. Orí pẹpẹ òkè ni wọ́n wà, ni omi ò fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ní ń ó so wọ́n mọ́ sáfà kí n tó lọ jẹun ọ̀sán. Ẹnu mi yìí.

Ropati tó ń darí àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Fetuao, níbo ni kí n gbẹ́?"

Mo ní, "Ṣé o ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ní, "Èyí tí mo gbẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín, iyọ̀ ló jáde. Ìjọba ní ihò kan péré ló kù fún Vaitoelau. Tí oṣù yìí bá ti parí, mo ń di ẹrù mi lọ sí erékùṣù Upolu. Tí n bá sì tún fojú díwọ̀n rẹ̀, iyọ̀ náà ni ká máa retí."

Mo ní mo ti gbọ́. Vaitoelau ni abúlé wa. Màmá mi wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Kò tíì ṣeé ṣe o.

Sáfà àtijọ́ ní ihò méjì fún káàdì àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Tuntun yìí ní ẹyọ kan. Nítorí náà àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó sórí wáyà kan. Mo so wọ́n. Sáfà rí ọ̀kan, ó tún sọ ọ́ nù, ó ní òun rí ohun kan tí kò lórúkọ, ó wá dákẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó dákẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá Siaosi ní kí n ka ẹyọ kan ṣoṣo ná. Kò lè ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n ń fi àwòrán náà pamọ́, téèpù méjèèjì ni wọ́n kọ ọ́ sí pọ̀, ìlà kan sínú èyí, ìlà tó tẹ̀ lé e sínú ìyẹn, kó lè yá. Tí o bá ka ọ̀kan, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lo gbọ́. Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n sáfà kì í ṣe ọmọlúàbí.

Mo fura sí wáyà. Mo ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Apia.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo wà nílé lọ́dọ̀ Màmá. Lẹ́yìn ìsìn a jẹ tárò, kókò ilẹ̀ wa, àti ẹja, kò sí kòkó mímu nítorí omi. Ọkọ̀ agbómi wá ní Ọjọ́bọ̀, kò sì tún ní wá títí Ọjọ́bọ̀ mìíràn. Adágún tí gbogbo wa ti ń wẹ̀ láti kékeré ti di iyọ̀ látìgbà ìjì. Òdòdó ojú oórì Bàbá níwájú ilé ti kú tán pátá. Màmá fi omi adágún rin ín kó tó mọ̀ pé iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Àbúrò mi Lagi pè láti Auckland. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá, ìparí oṣù. Màmá gba fóònù, ó gbé e jìnnà sétí bó ti máa ń ṣe.

"Lagi, ta ló ní kó o ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Mi ò gbọ́ ohun tí Lagi sọ.

"Èmi ń lọ, kí bàbá rẹ dá wà níwájú ilé? Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?"

Lagi tún sọ nǹkan.

"Kíndìnrín mi ń bẹ níbi tí Ọlọ́run fi í sí," ni Màmá wí, ó sì dá fóònù padà fún mi. Lagi ń sunkún. Ó ní dókítà ti sọ ọ́, tí Màmá ò bá rí omi mu dáadáa, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Fetu, ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ omi."

Nígbà tí wọ́n fun ìkarahun òkun bíi fèrè láti pe àdúrà alẹ́, Màmá gbàdúrà fún ìjọba, fún pásítọ̀, fún Lagi, ó wá gbàdúrà fún ẹ̀rọ méjèèjì. Ó pè wọ́n ní "àwọn arúgbó tó wà ní ọ́fíìsì Fetuao".

Ọjọ́rú, 12

Wáyà tuntun dé. Ìyà kan náà ni.

Mo wá tú ohun kékeré tí mo yọ lára sáfà àtijọ́, tí wọ́n fi ń dí ìparí wáyà, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé òpin kó tún sáré padà da ara rẹ̀ rú. Iyọ̀ òkun ti jẹ ehín rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Inú mi dùn bí ẹni rí olè mú. Mo fi òmíràn sí i, mo so ẹ̀rọ ọ̀tún nìkan. Sáfà rí i! Téèpù wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ti dàgbà tó yẹn, tí kò sẹ́ni tó ṣí i lójú fún ọdún gbọọrọ, o pè é, ó sì jẹ́ ọ. Ara mi bù máṣọ.

Mo yọ ọ́, mo so ti òsì nìkan. Òun náà jẹ́ mi.

Mo so àwọn méjèèjì. Wọ́n dákẹ́.

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú igbá kan. Mo sọ ọ́ sókè, Ọ̀gá Siaosi ní kí n fi àgbò sílẹ̀ kí n wá ojútùú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Òjò ṣú, ó kọjá lọ sórí òkun. Gálọ̀nù omi mímu ní ṣọ́ọ̀bù ti di méjìlá nínú owó tala wa.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: nọ́ńbà.

Ohunkóhun tó bá jókòó sórí irú wáyà yẹn ló ní nọ́ńbà tí sáfà fi ń pè é. Káàdì sáfà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ èje. Tí méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn nígbà tó bá pè, kò sì ní gbọ́ ti ẹnì kankan. Mo yí ẹ̀rọ méjèèjì padà láti wo fèrèsé kékeré tí nọ́ńbà máa ń wà lẹ́yìn wọn. Mi ò rí fèrèsé. Pákó ló wà níbẹ̀.

Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ pákó méjèèjì yẹn. Wọ́n fín Vaitoelau sára ọ̀kan, wọ́n fín Matafaga, abúlé tó múlé gbè wá, sára èkejì. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Auckland ló dáwó ra ẹ̀rọ tiwa fún ọ́fíìsì. Nígbà tí àwọn ará Matafaga tó wà ní Sydney gbọ́, ṣe ni wọ́n ra tiwọn lọ́sẹ̀ kan náà. Àwa àti Matafaga kì í jọ ṣe nǹkan kí ẹnì kan gbà pé òun ṣe ìkejì, ìbáà ṣe kirikétì, ìbáà ṣe orin ìjọ. Pásítọ̀ méjì ló gbàdúrà sórí àwọn pákó náà.

Mo gba oko Bàbá Penitala lọ. Òun ló ṣiṣẹ́ mi kí n tó dé ibẹ̀, agbẹnusọ ìjòyè sì ni lábúlé tirẹ̀, tí kì í ṣe Vaitoelau tí kì í sì í ṣe Matafaga. Mo bá a láàrin tárò, ó ń tu èpo.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà wo lẹ fún àwọn ẹ̀rọ téèpù yẹn?"

"Ení."

"Èwo ló ń jẹ́ ení?"

"Àwọn méjèèjì ni."

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó ní, "Fetuao, ṣé o fẹ́ kí n kọ ení sára ti Vaitoelau, kí n wá kọ èjì sára ti Matafaga, kí Tuiavaa tó jẹ́ olórí wọn sì dúró níbẹ̀ kó máa wò mí? Lójú akọrin ìjọ méjèèjì? Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ìbá gbé ẹ̀rọ wọn padà lọ sílé. Sáfà ìgbà náà ní ẹnu ọ̀nà méjì. Kálukú wà nílé rẹ̀, kálukú ń jẹ́ ení. Mo wá fi pákó bo ibẹ̀ kí ọlọ́gbọ́n kan má baà wá yí i lẹ́yìn mi."

"Èmi wá ni ọlọ́gbọ́n yẹn."

"Ìwọ náà ni. O pẹ́ kó o tó dé."

Mo fẹ́ bínú, inú ò bí mi. Ó yà mí lẹ́nu ni. Ohun tí mo ti ń wá nínú wáyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀wọ̀ ló fà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ọ̀gá Siaosi ní kí n fi ọ̀bẹ ṣí pákó kan, kí n yí nọ́ńbà, kí n lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ní, "Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, "Ọ̀gá, Savai'i la wà."

Ó rò ó wò, ó ní òótọ́ ni. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì á ti gbọ́ kí n tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbọ́ pé a fi abúlé kan sábẹ́ èkejì níkọ̀kọ̀, ta ni yóò tún dákẹ́ kí n ka téèpù?

Bàbá Penitala ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Matafaga fúnra òun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní kí n má ṣe purọ́ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Matafaga ni.

A gbé gbòǹgbò ava lọ, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi mu níbi ìpàdé ìjòyè, àti páálí ẹja agolo méjì. (Tala márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni páálí kan báyìí.) Ilé ìpàdé Matafaga kún. Tuiavaa jókòó síbi òpó ilé tó jẹ́ ti olórí, àgbàlagbà kúkúrú tí ojú rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Maulolo, olórí tiwa, ti kó àwọn ìjòyè rẹ̀ wá, ó jókòó síbi òpó tó kọjú sí i. Èmi wà lẹ́yìn Bàbá Penitala. Màmá wà níta pẹ̀lú àwọn obìnrin Vaitoelau tó gbé ẹní wá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi búrẹ́dìfúrúùtù. Wọ́n po ava, wọ́n gbé e yí ká, ẹni tí wọ́n pè ló ń mu.

Bàbá Penitala sọ̀rọ̀ títí tí mo fi fẹ́ sùn. Ó kí òkè, ó kí òkun, ó kí àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: pé òun fún ẹ̀rọ méjèèjì ní orúkọ kan nítorí ọ̀wọ̀, pé ilé tuntun tí wọ́n ń gbé báyìí ní ẹnu ọ̀nà kan, àti pé orúkọ kan náà yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé ìyókù.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, sáfà ń jẹ́ èje, òun ni olórí. Ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ̀fà ló sún mọ́ ọn, òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ àrùn-ún á dúró dìgbà tí ẹ̀fà bá sọ̀rọ̀ tán. Mi ò lè fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀fà."

Mo ń retí ìjà. Mo ti ń ro ohun tí ń ó sọ fún Lagi.

Tuiavaa ní, "Àrùn-ún ni ẹni ìkẹyìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Kí Matafaga máa jẹ́ àrùn-ún."

Maulolo gbé orí sókè. "Rárá o. Àwa ni òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í jókòó síwájú. Vaitoelau ló ni àrùn-ún."

Tuiavaa ní, "Inú ilé wa lẹ wà. Ta ló ń fi àlejò sẹ́yìn?"

Maulolo ní, "Àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń fi ara rẹ̀ sẹ́yìn."

Bó ṣe di ìjà nìyẹn. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gún ara wọn. Agbẹnusọ tibí dìde, ó rán wa létí ìgbà tí Vaitoelau gba ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ ìjì. Agbẹnusọ tiwa dìde, ó ní oúnjẹ Matafaga la jẹ lọ́dún tí kòkòrò pa tárò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ti ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ò ń rí i pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Mo wá rí ohun tó ń bọ̀, mi ò sì lè pa á mọ́ra. Mo tọrọ ààyè.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń jẹ́ àrùn-ún, ibi tá a ti ń bọ̀ náà la tún padà sí."

Ilé ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó wà níta rẹ́rìn-ín ju àwọn ọkùnrin lọ, mo sì gbọ́ ohùn Màmá nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀.

Tuiavaa ló wá na ọwọ́ sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn àwo ava. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Maulolo, ta ló jókòó sẹ́yìn nínú ilé yìí? Ẹni tó ń po ava ni. Òun ni kì í gbéra ga, òun sì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jókòó síhìn-ín pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ. Ẹ̀yin ni omi ń wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bá yín po ó. Ẹ má gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa."

Maulolo wo ẹní títí. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi ti kún un. Ó ní, "Ẹ ti ṣẹ́gun. A gba iwájú, bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí."

Ọmọ ogójì ọdún ó lé ni mí, mo sì ti jókòó sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, tí mò ń fi ọwọ́ bo ẹnu yán. Lónìí ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dára. Mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n jìjàdù ibi tó kẹ́yìn. Màmá dì mí mú nígbà tí mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, 24

Pásítọ̀ méjèèjì wá sí ọ́fíìsì. Bàbá Penitala fi ọ̀bẹ rẹ̀ ṣí pákó méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Lẹ́yìn ọ̀kan, ení. Lẹ́yìn èkejì, ení. Mo fi ẹnu bírò tẹ bọ́tìnì kékeré náà: Vaitoelau di ẹ̀fà, Matafaga di àrùn-ún. Ó lẹ pákó padà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí fèrèsé lè máa hàn.

Mo tan wọ́n. Sáfà pe ẹ̀fà, ẹ̀fà jẹ́ ẹ. Ó pe àrùn-ún, àrùn-ún jẹ́ ẹ. Téèpù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀kan á kùn, á dúró, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Siaosi ṣí fìlà.

Àwòrán náà wá ń jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ ọ́n nínú ìwé pé omi òjò tó wọ ilẹ̀ erékùṣù máa ń léfòó sórí omi òkun lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò ní dà pọ̀ mọ́ ọn. Mímọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí rírí i. Mo rí i lábẹ́ abúlé wa, lábẹ́ ilé tí wọ́n bí mi sí, omi dídùn tó tẹ́ sórí omi iyọ̀ láìsí ohunkóhun láàrin wọn, tó jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ agbómi. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí Ropati gbẹ́, ó tín-ín-rín. Lókè, lẹ́yìn pápá kirikétì, ó nípọn jù. Mo sunkún, mi ò tijú. Ọlọ́run tóbi.

Pásítọ̀ Matafaga bi mí pé èwo nínú ìlà yẹn ni tiwọn. Mo ní ọ̀kan nínú méjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́rú, 26

Ropati ń gbẹ́ lẹ́yìn pápá. Ó ní tí iyọ̀ bá tún jáde, èmi ni òun yóò gbin sínú ihò náà. Òkúta ń ṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lápá.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Omi jáde lọ́sàn-án. Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ó funfun, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. Abúlé méjèèjì wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó.

Ropati bu ún sínú ife èèpo àgbọn, ó gbé e fún Maulolo. Maulolo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Tuiavaa. Tuiavaa ní Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń mu. Maulolo ní ẹni tó po ó ló ń tọ́ ọ wò. Tuiavaa ní ilẹ̀ ta ni wọ́n gbẹ́? Agbẹnusọ kan ti ń tún aṣọ ìdí rẹ̀ ró láti dìde. Ife wà láàrin wọn, kò lọ, kò bọ̀. Ropati wò mí bíi pé kí n ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èmi kọ́, mo ti sọ tèmi ní Matafaga.

Màmá dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó rìn lọ sáàrin wọn, ó gba ife lọ́wọ́ Maulolo.

Ó ní, "Tí ẹ bá parí, ẹ pè mí," ó sì mu ún tán.

Ariwo ẹ̀rín yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ ní Upolu. Tuiavaa rẹ́rìn-ín títí tó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀?" Ó na ife sí Ropati pé kó bu òmíràn. Ó rọra gbé ìyẹn dání, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ó lọ sílé, ó dà á sí ojú oórì Bàbá.

Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí Lagi pè. Màmá gba fóònù, ó gbé e jìnnà sétí.

Ó ní, "Lagi, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, má dà á nù. Fi í wá wò wá."